Ìwé Kẹtàdínlógójì Nínú Fáìlì Òrùlé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òṣìṣẹ́ ìjọba kì í kàwé, ẹ ní kó wá wo Fọláyan Abíọ́nà ní rẹ́jísírì. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tó ti wà nídìí fáìlì, látìgbà tí iléeṣẹ́ wọn ṣì wà l'Ékòó kí wọ́n tó kó gbogbo wọn wá sí Àbújá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ta géèmù lórí fóònù, wọn a sì máa jẹ ẹran ara ẹlòmíràn. Òun ní tirẹ̀, bí ọwọ́ bá ti dilẹ̀, á fa ìwé yọ lábẹ́ tábìlì, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹ́ yín lóhùn.

Ibi tó bá dùn mọ́ ọn jù nínú ìwé, á dà á kọ sórí ìwé funfun kan. Nítorí pé iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ti wọ ọ́ lára, á lu ihò méjì sí etí ìwé náà, á fi bírò pupa kọ nọ́ńbà sókè lápá ọ̀tún, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìwé inú fáìlì. Wọ́n ti lé ní igba, inú àpótí ní ilé rẹ̀ ní Kuje ló tò wọ́n sí. Nígbà míì lọ́jọ́ Sátidé, á tú wọn sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa rìn láti ìlú kan sí òmíràn láìgbé ẹsẹ̀. Ìwé kẹtàdínlógójì nìkan ni kì í sí níbẹ̀, torí inú báàgì ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń gbé e sí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Ní ìlú náà, bí ìkùukùu bá ti sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ẹnikẹ́ni kì í rí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Ohùn ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Ìyá á pe ọmọ, ọmọ á jẹ́, ọkàn àwọn méjèèjì á balẹ̀, wọn á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ nínú funfun náà. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan jí, ó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò kan ẹnikẹ́ni. Ó pe ọmọ rẹ̀. Ohùn tó sì dá a lóhùn”

Ibẹ̀ ló parí sí. Kì í ṣe pé ọ̀lẹ mú un. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn ní ọsibítù, Fọláyan sì yá ìwé kan lọ́wọ́ obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ìwé tí èèpo rẹ̀ ti já dànù tí kò lórúkọ mọ́. Ó ń kà á sókè sí ìyá rẹ̀ létí. Ó kà dé ibẹ̀ yẹn, ó gbójú sókè kó wò ó bóyá ó ń gbọ́, ìyá ti lọ. Kí dókítà tó dé, ó fa bírò yọ, ó da ibẹ̀ kọ. Ẹ má bi mí pé kí ló dé, ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ló lè sọ. Kò ṣí ojú ewé tó kàn wò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbé obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì náà kúrò tòun tìwé rẹ̀.

Látìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Fọláyan lọ́kàn: pé inú ìwé lojú òun wà nígbà tí ìyá òun ń kú. Lójú tirẹ̀, ńṣe ni ìyá rẹ̀ dá nìkan kú.

Oṣù kìíní ọdún 2014 dé, ọyẹ́ mú débi pé ẹ ò lè rí Àpáta Àsó láti ojú fèrèsé. Fọláyan jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú ìwé kẹtàdínlógójì dání, ó ń wo funfun tó bo ìlú, ó ń retí kí ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀ látinú rẹ̀. Àwọn ará òkè sáré wọlé wá béèrè fáìlì òrùlé tó ń jò. Ẹ gbọ́ ná, òrùlé tó ń jò, nínú ọyẹ́. Ìwé mẹ́rìndínlógójì ló wà nínú fáìlì náà. Ọwọ́ rẹ̀ rí nọ́ńbà pupa tó tẹ̀ lé e lórí ìwé tó mú dání, ó ki okùn bọ ihò méjèèjì, ó so ó. Ojú ò bá ọwọ́ dé ibẹ̀ rárá. Fáìlì gòkè lọ.

Ìgbà tó fẹ́ relé ló yẹ báàgì rẹ̀ wò, ìwé náà ò sí níbẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ pé ìwé tó bá ti wọ fáìlì tó sì ti gba nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ọ́ mọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Oṣù mẹ́jọ péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Kúẹ́rì, ìwé tí wọ́n fi ń bá òṣìṣẹ́ wí, ń bà á lẹ́rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń dẹ́rù bà á jù ni pé kí ọ̀gá kan má fi ìbínú fa ìwé náà ya. Ó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí. Ṣùgbọ́n ìlà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ kí dókítà tó dé, orí ìwé yẹn nìkan ló wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta níbi tí fáìlì náà wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà.

Lọ́sẹ̀ kejì, Kenny, ọ̀kan lára àwọn akọ̀wé àjà kẹta, sọ̀ kalẹ̀ wá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Àbújá, tó gbọ́ èdè dáadáa àmọ́ tí ahọ́n rẹ̀ wúwo.

“Mọ́mì, ẹ gbà mí. Ìwé kan wà nínú fáìlì òrùlé. Ọ̀gá wa tó wá láti Katsina kọ ọ́ sí i pé èdè wo nìyí, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ kí iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú. Wọ́n wo orúkọ bàbá mi, wọ́n gbé e fún mi.”

“Kí lo wá ṣe?” Ohùn Fọláyan ti lọ sílẹ̀.

“Mo pe ìyá mi ní Dutse Alhaji, mo kà á fún wọn lórí fóònù. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ní ohùn ta ló dá a lóhùn? Mo ní ibẹ̀ ló parí sí, wọ́n bínú sí mi.”

Fọláyan ò lè sọ fún un pé òun ló ni ín.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah Ọlọ́runfẹ́mi, ará Kàbà, tí ẹnikẹ́ni ò rí eyín rẹ̀ rí níléeṣẹ́ náà. Fáìlì wà níwájú rẹ̀ ní ṣíṣí.

“Màdáàmù, ọwọ́ ta nìyí?”

“Ọwọ́ mi ni, sà.”

“Kò kan òrùlé.”

“Kò kàn án, sà. Àṣìṣe ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kúẹ́rì tó bá wù yín, kí ẹ ṣáà jẹ́ kí n yọ ọ́.”

“Ìwé tó bá ti wọ fáìlì kì í jáde. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.” Ó yí fáìlì náà sí i. Ìtumọ̀ Kenny ti di ìwé kejìdínlógójì. Lábẹ́ rẹ̀, ará Katsina ti kọ ọ́ pé: Ó ti yé mi. Ohùn ta ni?

“Ohùn ta ni?” ni ọ̀gá àgbà náà béèrè.

Fọláyan ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní kò sọ ọ́ fáwọn ọmọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró níbẹ̀: ọsibítù, ìwé tí ò lórúkọ, bó ṣe gbójú sókè. “Mi ò mọ ohùn tó dáhùn, sà. Ibẹ̀ ni mo kà dé.”

Ọ̀gá yọ jígí ojú rẹ̀. “Èmi kì í ka ìwé ìtàn. Fáìlì ni mò ń kà láti ọdún 1986. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí èyí ti wà lórí tábìlì mi, bí mo bá jí láàárọ̀, ìyá yẹn ṣì ń nawọ́.” Ó mú bírò, ó kọ ọ́ síbẹ̀: Rẹ́jísírì, ìwé 37 kò parí. Ẹ pèsè ìyókù láàárín ọjọ́ méjì.

“Sà, mo ní mi ò mọ ìyókù rẹ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, Màdáàmù. Èmi kọ́.”

Fọláyan gbé fáìlì náà sọ̀ kalẹ̀. Ọyẹ́ ṣì bo gbogbo ìta, ọkọ̀ ń kọjá lójú títì, ìró wọn nìkan lèèyàn ń gbọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń da ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ, kò kọ gbólóhùn kan tí í ṣe tirẹ̀ rí. Ó mú ìwé funfun kan. Ó pa ojú dé, ó padà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì tẹ́tí. Ohùn kan ń dún ní wọ́ọ̀dù náà, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tí kò dáwọ́ dúró láti òwúrọ̀, òun ló gbẹ̀yìn sétí ìyá rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ni ohùn náà. Omi dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n béèyàn bá ń sunkún, á ṣì máa ríran. Ó kọ ọ́ pé:

“kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ló ti wá. Ó ní, Mo wà níbí, màámi. Ẹ máa sùn. Mo ṣì ń kàwé fún yín.”

Ó kọ nọ́ńbà sí i, ó so ó mọ́ fáìlì, ó sì gbé e gòkè lọ fúnra rẹ̀.