Fọ́ọ̀mù Olójú-Ìwé Mọ́kànlá

Iṣẹ́ Ìyá Fọ́ọ̀mù ni kó máa wá àwọn tí oorun ń dà láàmú, kó sì mú wọn wá sí ọsibítù. Dókítà ń ṣe ìwádìí oògùn kan fún àwọn tó ń sùn lọ́sàn-án gangan láìfẹ́, irú àwọn tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n á ti hanrun. Èèyàn méjìlá ni wọ́n ń wá. Ìyá Fọ́ọ̀mù lẹ ìkéde mọ́ gbogbo ibi tí èèyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àwọn tí ìkéde náà ń bá wí gan-an fẹ̀yìn tì í, wọ́n sì sùn. Nínú àwọn tó pè é lórí fóònù, ìdajì rò pé ọsibítù ń pín bẹ́ẹ̀dì ọ̀fẹ́. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n wá mú ìyá ìyàwó òun, pé obìnrin náà kì í sùn rárá, kí wọ́n bá òun kọ́ ọ.

Ó wá rí mọ́kànlá. Ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́rin, ni wọ́n máa ti ìwé orúkọ pa, ó sì ku ẹnì kan.

Ẹni náà ni onígbàjámọ̀ kan tí àwọn oníbàárà ń pè ní Bàbá Àlá. Ó sùn lórí ìdúró pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó sì gé tíṣà kan létí. Etí náà kò já, ṣùgbọ́n tíṣà lẹ́nu, ó tún mọ̀wé kọ. Ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ wá sọ ọ́ gbangba: bí oṣù bá fi parí tí Bàbá Àlá kò mú ìwé dókítà wá pé òun ti ń gba ìtọ́jú, àwọn máa ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí dókítà oorun lọ́nà tó yẹ, ọdún tó ń bọ̀ ló máa kàn án. Ìwádìí yìí nìkan ni ọ̀nà tó wà nítòsí.

Òfin kan ló dínà. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka fọ́ọ̀mù olójú-ìwé mọ́kànlá sí ẹni náà létí látòkèdélẹ̀, kí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ kó tó fọwọ́ sí i. Bó bá sùn, wọ́n á padà sí ojú-ìwé kìn-ín-ní. Ó dájú pé àwọn tó ṣòfin yìí kò tíì fojú kan àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Nínú àwọn mọ́kànlá tó ti wọlé, ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ kan títí wọ́n fi kà á tán.

Bàbá Àlá kì í kọjá ojú-ìwé kẹrin. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí wọ́n kọ “àwọn àbájáde tí a ń fojú sọ́nà fún ní ti ìgbé ayé olùkópa,” ọrùn rẹ̀ á tẹ̀. Ìyá Fọ́ọ̀mù kò bá a wí. Òun fúnra rẹ̀ ti yán níbẹ̀ rí.

Aago méjì ọjọ́ Jímọ̀, Dókítà yọjú.

“Ṣé kò tíì fọwọ́ sí i?”

“Ó ti sùn, sà.”

“Ẹ fi bírò sí i lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.”

“Ojú-ìwé mẹ́rin ló gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, sà. Ìyẹn ò sọ ọ́ di mọ́kànlá.”

Ìyàwó Bàbá Àlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Fọ́ọ̀mù ké sí i.

“Ìyàwó, kí ni kì í jẹ́ kí ọkọ yín sùn?”

“Ìjà.”

“Irú ìjà wo?”

“Èyíkéyìí.”

“Ẹ wọlé.”

Wọ́n jí Bàbá Àlá, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ìyá Fọ́ọ̀mù á ka gbólóhùn kan bí wọ́n ṣe kọ ọ́, á wá sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀.

“Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, wọ́n lè fún yín ní oògùn, wọ́n sì lè fún yín ní hóró lásán tí kò ní oògùn nínú. Ẹ ò ní mọ èyí tí wọ́n fún yín.”

“Ìyẹn bá Bàbá wa lára mu,” ni ìyàwó sọ. “Wọn kì í mọ ohun tó ń lọ tẹ́lẹ̀.”

Bàbá Àlá lajú. “Ìgbà wo ni mi ò mọ ohun tó ń lọ?”

“Ìgbà tí mo sọ fún yín pé mo lóyún. Ẹ ní kí n gbé e síbẹ̀.”

Báyìí ni wọ́n ṣe kọjá ojú-ìwé kẹrin. Ní ìkeje, wọ́n kà á pé oògùn náà lè mú kí ẹnu gbẹ. Ìyàwó ní èrè ni, irọ̀rí àwọn máa sinmi lọ́wọ́ itọ́. Bàbá Àlá bínú, inú Ìyá Fọ́ọ̀mù sì dùn sí ìbínú náà.

Ní ìkẹsàn-án, Ìyá Fọ́ọ̀mù kà á, ó sì gbé fọ́ọ̀mù náà kalẹ̀.

“Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ fi ohun mímú ṣiṣẹ́ títí ìwádìí á fi parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ ò ní mú abẹ.”

“Abẹ tí mo torí ẹ̀ wá?”

“Òun náà ni.”

“Kí n wá máa fọwọ́ tu irun wọn?”

Dókítà wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ má jẹ́ ká dúró pẹ́ níbẹ̀. Àlàyé lásán nìyẹn.”

“Kì í ṣe àlàyé, sà. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni.” Ó yíjú sí Bàbá Àlá. Ó rí ẹnì kejìlá rẹ̀ tó ń bọ́ lọ, kò sì dùn mọ́ ọn. “Bẹ́ ẹ bá fẹ́ máa lọ, ẹ máa lọ. Ẹ̀tọ́ yín ni, ojú-ìwé kẹwàá ló wà, mo kàn tètè sọ ọ́ fún yín ni.”

Bàbá Àlá kò dìde, kò sì sùn.

“Èmi á fá a,” ni ìyàwó sọ.

“Irun ta ni?”

“Irun àwọn oníbàárà. Ẹ̀yin ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa sọ bí mo ṣe máa ṣe é. Bẹ́ ẹ bá sùn, màá dúró dè yín.”

“O ò fá irun rí láyé ẹ.”

“Ta ló ń fá ti àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́ta?”

Bàbá Àlá ronú. “Mo rò pé èmi ni.”

Wọ́n ka méjì tó kù. Nígbà tó kàn án láti sọ ohun tó gbọ́, ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

“Ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ hóró lásán. Ẹnu mi lè gbẹ. Ọjọ́ tó bá sú mi, mo lè máa lọ. Mi ò ní fọwọ́ kan abẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyàwó mi ló máa dúró nídìí àga, kí Ọlọ́run sì ṣọ́ etí àwọn èèyàn.”

“Èyí tó kẹ́yìn yẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù,” ni Dókítà sọ.

“Ó yẹ kó wà níbẹ̀, sà,” ni Ìyá Fọ́ọ̀mù dáhùn, ó sì na bírò sí Bàbá Àlá.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù nígbà tó fọwọ́ sí i. Dókítà jókòó láti kọ ìwé tí wọ́n máa mú lọ fún ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀. Ìyàwó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wo irun rẹ̀, ó tẹ orí ara rẹ̀ sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì.

“Ta ló fá èyí fún yín, sà?”

Dókítà fi ọwọ́ kan bo etí, ó ń fi èkejì kọ̀wé.