Ọwọ́ Tí Kò Mọ́

Èmi kì í yin èèyàn bọ̀rọ̀. Gbogbo Ìkòsì ló mọ̀ pé ẹnu mi mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá àga fún Nọ́ọ̀sì Ìdùnnú, torí mo fẹ́ yìn ín lónìí, ó sì lè pẹ́ díẹ̀.

Ọkọ̀ ló gbá Àtàndá ọkọ mi ní Mile 12, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù kan ní Kẹtú, egungun sì tò. Ọgbẹ́ ló kọ̀ tí kò jiná. Ó ń ṣọyún, ó ń rùn, kò sí oògùn tó ràn án. Dókítà wá là á yé mi pé inú ọsibítù níbẹ̀ gan-an ni kòkòrò tí ojú ò rí ti wọ ọgbẹ́ náà, àti pé kòkòrò ọ̀hún ti bá oògùn gbé títí kò fi bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Oògùn kan ló kù. Bí ìyẹn bá kọ̀, gígé ni. Bíríkìlà sì ni Àtàndá. Bíríkìlà wo ló ń fi ẹsẹ̀ kan gun àkàbà?

Wọ́n gbé e sí yàrá lọ́tọ̀, wọ́n ní ọwọ́ èèyàn ló ń gbé kòkòrò náà láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì Ìdùnnú ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kékeré, ohùn tín-ín-rín, àmọ́ ẹni tí kò bá fọwọ́ dé abẹ́ èékánná kò ní wọlé.

Ọjọ́ tí Bùọ̀dá Gbénró, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wá ni ọ̀rọ̀ dé. Òun àti Àtàndá ti ń jà lórí ilé bàbá wọn, àwọn ẹbí kan sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìjàǹbá yìí. Àwọn ẹbí ọ̀hún gan-an ló tẹ̀ lé e wá. Bó ṣe na ọwọ́ láti di àbúrò rẹ̀ mú, Ìdùnnú sọ pé, "Ẹ dúró, Daddy. Ọwọ́ yín ò mọ́."

Ohun tí ẹbí ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ sọ lójú rẹ̀ yẹn.

"Ta ló rán ẹ sí mi?" ni Bùọ̀dá bi í.

Mo rò pé Ìdùnnú á yà fún un lọ́nà. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín ẹnu ọ̀nà gan-an ló kúnlẹ̀ sí, kò sí ibi téèyàn lè gbà kọjá.

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni mò ń sọ. Ọwọ́ tèmi náà ò mọ́. Ti dókítà gan-an ò mọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ fọ̀ ọ́."

Ó dìde, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó kọ́kọ́ ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, Daddy..."

"...lọwọ́ fi ń mọ́," ni Bùọ̀dá kùn. Àgbà ò lè gbọ́ ìdajì òwe kó dákẹ́. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Nígbà tó wọlé tó gbé ọwọ́ lé orí àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn, Bùọ̀dá di igbá kejì nọ́ọ̀sì. Nígbà tí Àlùfáà Abdulrauf wá ṣàdúà, tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ni, Bùọ̀dá ní, "Ti mọ́sálásí nìyẹn, Àlùfáà. Ẹ wá ṣe ti ọsibítù."

Oògùn tó kù yẹn ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí dókítà tú báńdéèjì, tó rí ẹran ara pupa tó mọ́ tónítóní, ó ní, "A ò ní gé e mọ́." Mo fẹ́ dì mọ́ Ìdùnnú. Ó fà sẹ́yìn: "Mummy, ṣé ẹ ti fọwọ́?" Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn débi pé ó ń dùn mí.

Bùọ̀dá Gbénró ló fọwọ́ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ó gbé méjèèjì síwájú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, wò ó dáadáa. Ṣé ọwọ́ mi mọ́?"

Ìdùnnú yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, ó wo èékánná.

"Ó mọ́, Daddy."

Bùọ̀dá ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹbí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló kọjú sí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, omi ń kán níbẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ," ló wí.