Imú Mọ́nsúrù

Ẹ̀wà jóná lẹ́yìn Mọ́nsúrù, kò mọ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nílé tí wọ́n háyà ní Mowe, ó ń tẹ fóònù rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ọmọ́títí ìyàwó rẹ̀ ló sáré wọlé wá gbé ìkòkò kalẹ̀.

"Bàbá Sódìq, ẹ ò gbóòórùn ẹ̀wà tó ń jó yìí?"

Mọ́nsúrù na ọrùn wo inú ìkòkò. Ibà tó dá a dúbúlẹ̀ lẹ́yìn Iléyá ti lọ, ṣùgbọ́n ó mú òórùn lọ. Ọṣẹ, epo, òógùn orí Sódìq ọmọ rẹ̀ bó bá dé láti ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan náà. Ká ní télọ̀ ni, kì bá má tó nǹkan. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì katapílà ni, imú yẹn ló sì sọ ọ́ dèèyàn ní ọgbà mẹkáníìkì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Asese.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ katapílà ni àpótí jíà wà, òun ló ń yí ṣéènì tí katapílà fi ń rìn. Bí ọ́ìlì inú rẹ̀ ò bá lágbára, irin á máa jẹ irin. Àwọn oníjìbìtì sì wà tó ń sẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù, tí wọ́n á rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù tuntun. Àwọ̀ kan náà ni, ó sì ki bákan náà. Òórùn nìkan ni wọn ò rí jí: ọ́ìlì jíà gidi máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nítorí náà, ní Asese, wọn kì í ka ara gálọ́ọ̀nù. Wọ́n á gbé e fún Mọ́nsúrù. Bó bá ti ní ó dáa, ó parí nìyẹn.

"Ẹ sọ fún wọn," Ọmọ́títí bẹ̀ ẹ́. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ta ló máa gbé katapílà wá fún mẹkáníìkì tí imú ẹ̀ ti kú? Kí la fẹ́ máa jẹ?"

Sàhéèdì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ dé ní Asese lẹ́yìn ibà náà. Wọ́n jọ kúrò ní Ìkìrun ni, wọ́n sì jọ gbé yàrá kan kí kálukú tó gbéyàwó. Katapílà àtijọ́ kan ṣoṣo ni Sàhéèdì ní, òun ló ń fi hú igbó fún àwọn tó ń kọ́lé lápá Ibogun, ibẹ̀ ni gbogbo ilé rẹ̀ ti ń jẹun. Ó gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì bọ̀ láti Ibafo.

"Onímú, gbóòórùn ẹ̀ wò," ó ní. Òun alára ti yáa fọwọ́ di imú tirẹ̀, nítorí òórùn yẹn máa ń rí i lára.

Mọ́nsúrù ṣí i, ó fa afẹ́fẹ́ símú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń wò ó. Ìtìjú mú un, ẹ̀rù sì bà á.

"Gidi ni," ó ní.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lábùkù. Ó ní kí Sàhéèdì wa katapílà kiri díẹ̀ kí ọ́ìlì àtijọ́ lè gbóná, kí ihò tí ọ́ìlì ń gbà jáde nínú àpótí jíà sì kọjú sílẹ̀. Ó fà á gbẹ, ó nu ẹ̀rúnrún irin kúrò lára ìdérí, ó wá rọ tuntun sí i títí tó fi kan ihò ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti kún. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́ náà, ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀.

Kò pẹ́ kò jìnnà, omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Katapílà gan pa ní Ibogun, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Nígbà tí Mọ́nsúrù tú àpótí jíà, eyín jíà ti jẹ tán. Irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́.

Sàhéèdì jókòó sórí ilẹ̀ pupa, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká. "Má dá ara ẹ lẹ́bi. Ọlọ́run á mú ẹni tó ta ọ́ìlì yẹn. Ẹni tó lè tan imú tìẹ jẹ, ta ni kò lè tàn?"

Ìtùnú yẹn ni Mọ́nsúrù ò lè gbà. Ó bú sẹ́kún.

"Imú mi ti kú, Sàhéèdì. Láti ìgbà ibà yẹn ni. Mi ò gbóòórùn kankan lọ́jọ́ náà."

Sàhéèdì ò pariwo. Ó dìde, ó mú gálọ́ọ̀nù tó gbé bọ̀ láti Asese nídìí katapílà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní ọ́ìlì díẹ̀. Ó ṣí i, ó gbé e símú, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ló gbé e kalẹ̀ síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Kò rùn rárá," ó ní. "Ká ní o sọ fún mi ni, Mọ́nsúrù. Ṣebí èmi náà nímú. Ǹ bá ti bá ẹ gbóòórùn ẹ̀."