Ohun Tí Mẹmẹ́ Fi Ètè Sọ

Mo ti lúwẹ̀ẹ́ la odò Kennard kọjá ní ìgbà méjìdínlógún, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ nígbà tí yìnyín bò ó, orí ni mo fi ń fọ́ yìnyín náà bí mo ṣe ń lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, ẹ bi í pé níbo lòun wà lọ́jọ́ náà.

Torí náà, nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó láyà láti sọ ọ̀rọ̀ náà fún Mẹmẹ́, èmi ni mo dìde. Mẹmẹ́ la máa ń pe ìyá tó bí ìyá wa. Alphonsine lorúkọ ẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan. Ìyá wa ti bá ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ṣàdéhùn, àárọ̀ Mọ́ńdè ni Mẹmẹ́ máa wọ ibẹ̀, kò sì ní padà sílé mọ́. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un. Ìyá wa ń sunkún, ẹ̀gbọ́n mi Noëlle ń gé èékánná ẹ̀ jẹ.

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Mo máa mú un lọ ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀. Mo máa fi ẹ̀rín sọ ọ́ débi pé òun fúnra ẹ̀ ló máa ní ká yára."

Òtẹ́ẹ̀lì tí mo mú un lọ, ilé iṣẹ́ tí Mẹmẹ́ ti fi ọdún mọ́kàndínlógójì hun aṣọ ni tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ bí ìlú wa Kennard ṣe dà báyìí. Níbi tí wọ́n ti ń ran òwú, bíà ni wọ́n ń pọn níbẹ̀, àwọn ará Bọ́sítọ̀nì sì ń wá ya fọ́tò ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkì tí bàbá àgbà wa máa ń tọ̀ sí lára.

Mẹmẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo máa sùn? Tí ọ̀gá bá rí mi ńkọ́?"

"Gbogbo àwọn ọ̀gá yín ti kú, Mẹmẹ́."

"Kò dá mi lójú pé ìyẹn máa dí wọn lọ́wọ́."

Nígbà tá a dé yàrá oúnjẹ, ó ń fi ẹsẹ̀ wá nǹkan lórí pákó ilẹ̀. Ihò kéékèèké wà lára pákó náà, níbi tí wọ́n ti kan àwọn òfì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hun aṣọ, mọ́lẹ̀ láyé ọjọ́un. Ó ka ihò títí, ó dúró. "Ibí ni. Òfì mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyí." Tọkọtaya kan pẹ̀lú ajá wọn ló jókòó síbẹ̀. Mo sọ fún wọn létí pé ọmọ ọba ni màmá yìí, pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, wọn ò sì fẹ́ràn ajá. Wọ́n dìde fún wa.

Lọ́jọ́ Fúráìdè yẹn mo fẹ́ sọ ọ́. Dípò ẹ̀, ìtàn bí mo ṣe fi ọwọ́ lásán mú ẹja tó tóbi ju mọ́tò lọ ni mo sọ. Láàárọ̀ Sátidé, a dúró lórí afárá, omi ń já wálẹ̀ lábẹ́ wa. Mo la ẹnu.

Mẹmẹ́ ní, "Láyé ọjọ́un, àwọ̀ aṣọ tí wọ́n bá ń rẹ lọ́jọ́ náà ni àwọ̀ odò yìí. Ọjọ́ tí mo ṣègbéyàwó, pupa ni."

Mo ní ká lọ jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ẹgbẹ̀rún òfì ló ń ké pọ̀ nílé iṣẹ́ náà láyé ìgbà yẹn, eyín á máa gbọ̀n lẹ́nu ẹni. Ètè làwọn obìnrin fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, láìsí ohùn, láti ìpẹ̀kun yàrá kan sí ìkejì. Ariwo náà ló ba etí Mẹmẹ́ jẹ́. Èmi nìkan ni mo sì gbọ́ èdè ètè yìí nínú ẹbí wa. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tó bá fi ètè bá mi sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo wà ní kékeré, nǹkan méjì péré ló máa ń sọ: ṣé ebi ń pa mí, tàbí kí n jókòó jẹ́ẹ́. Màá wo ojú ẹ̀, màá mọ èyí tó jẹ́. Inú ẹ̀ máa ń dùn gan-an pé mo gbọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un?

Lọ́sàn-án Sátidé, Noëlle wá bá wa. Yàrá oúnjẹ kún, wọ́n ń kọrin, Mẹmẹ́ yọ ẹ̀rọ etí ẹ̀, ó jù ú sínú báàgì. Mo bá Noëlle lọ sídìí káńtà lọ́hùn-ún láti ra kéèkì.

"Rémi, ṣé o ti sọ fún un?"

"Sístà, ẹ jẹ́ kó jẹun ná."

"Ọ̀la ni Sọ́ńdè o."

"Tí mo bá ti gbé kéèkì síwájú ẹ̀, ibi tí mo bá ní kó wọ̀ ló máa wọ̀. Tó bá di Mọ́ńdè, màá ní dókítà la fẹ́ lọ rí. Kó tó mọ̀, ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Orí ẹ̀ kúkú ti ń dà bíi ti ọmọdé."

Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Orí Mẹmẹ́ pé ju tèmi lọ. Mo kàn fẹ́ kí Noëlle rẹ́rìn-ín ni.

Nígbà tá a padà dé, Mẹmẹ́ ti ká aṣọ ìnuwọ́ ẹ̀ sí mẹ́rin.

"Yàrá tí wọ́n fẹ́ fún mi," ó ní, "ṣé ó ní wíńdò?"

"Yàrá wo, Mẹmẹ́?"

"Èyí tí ẹ fẹ́ fi dókítà tàn mí dé."

Noëlle jókòó, ó fọwọ́ bo ojú.

Mẹmẹ́ ní, "Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi wo ẹnu èèyàn nínú yàrá yìí. Ìwọ tí o gbọ́ èdè náà, báwo lo ṣe wá gbàgbé pé èmi ni mo kọ́ ẹ?"

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn. "Mẹmẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Jẹ kéèkì ẹ. Orí ọmọdé ò lè jẹ ẹ́ tán." Ó wo ihò ara pákó fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ ò bá ti bi mí. Ta ló ṣubú? Èmi ni mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo mọ bó ṣe rí."

Ó ní ká má mú òun padà sílé rárá. Ó ní tí òun bá tún rí ìlẹ̀kùn ilé yẹn, a máa gbé òun jáde ni, òun ò sì fẹ́ kí àwọn aládùúgbò wò ó. Torí náà, láti òtẹ́ẹ̀lì ni a ti gbé e lọ ní Sọ́ńdè. Yàrá ẹ̀ ní wíńdò, lókè kejì, àmọ́ kì í ṣí.

Nígbà tá a dé ìdí mọ́tò, mo wòkè. Ó dúró sẹ́yìn gíláàsì. Ó ń fi ètè bá mi sọ̀rọ̀, ó ń la ẹnu dáadáa bíi pé òfì ogún ló wà láàárín wa. Kì í ṣe ebi. Kì í ṣe jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó dúró, ó tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì na ìka sí mi.

Mo mi orí pé mo gbọ́. Mo tún mi orí. Ó fa kọ́tìnì bo wíńdò.

Noëlle ní, "Kí ló sọ?"

"Ó ní kẹ́ ẹ rọra wakọ̀."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, kí n tó jókòó, Mẹmẹ́ ti bi mí: "Ohun tí mo ní kó o ṣe lọ́jọ́sí, ṣé o ti ṣe é?"

Ó wà lẹ́nu mi láti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí wọ́n jọ hun aṣọ ti kú. Tí mo bá ní mi ò gbọ́ èdè ètè náà, kò ku ẹnì kan láyé tó gbọ́ ọ mọ́.

"Mo ti ṣe é, Mẹmẹ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì sùn lọ sórí àga.

Ó kú kí yìnyín odò tó yọ́. Látìgbà náà, mo ti gé koríko ibojì bàbá àgbà wa. Mo ti tún àtẹ̀gùn ilé Mẹmẹ́ kàn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá wa fún ohun tí kò rántí mọ́. Mo gbé ológbò Mẹmẹ́ wá sọ́dọ̀ mi, ó sì ti ya kọ́tìnì mi. Mi ò tíì mọ èwo nínú wọn ló fi ètè rán mi.