Àmì Orí Ẹ̀wà

Oṣù keje lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi ni ọmọ wa obìnrin pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá gba ìwé ìdáná ìyá òun. Ó ní nígbà tí òun ń múra àtilọ sílé ọkọ, Màámi sọ fún òun pé àwọn ń kọ bí wọ́n ṣe ń se oríṣiríṣi ẹ̀wà sínú ìwé kan fún òun. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ìwé ọ̀hún mọ́. Mo ní kò burú, kí ó máa bọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sí etí ibùsùn. Mo mọ ibi tí ìwé náà wà. Mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ péré ni.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ohun gbogbo kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n sì fi bírò pupa tọ́ àṣìṣe inú rẹ̀. Àmì ohùn ló le jù nínú iṣẹ́ náà, òun náà ni mo sì mọ̀ jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè mí ní Alámì. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ kò rí ilé-ìwé lọ ní kékeré. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n máa yẹ iṣẹ́ òun wò. Mo ní mo ti fi odindi ọjọ́ yẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ wò, ojú ń ro mí.

Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ wa ku oṣù díẹ̀, ìyàwó mi ra ìwé eléwé ọgọ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, méjì nínú àwọn ará ibi iṣẹ́ mi wá kí mi. Mo rí ìwé náà lórí tábìlì, mo ṣí i. Ó ti fi àmì sórí àwọn ọ̀rọ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó yẹ kó kọ ẹ̀wà, ẹwà ló kọ síbẹ̀. Ṣa ẹwà. Fọ ẹwà. Gbé ẹwà kaná. Mo yọ bírò pupa lápò. Bí mo ti ń fa ìlà sí i ni mo ń kà á sókè fún àwọn àlejò, mo sì ké sí i pé kó jáde wá láti ilé ìdáná.

“Ìyá ọmọ mi, ta ni arẹwà tí o fẹ́ gbé kaná yìí?”

Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan ní kó ṣáà rí i pé ó kọ́kọ́ ṣà á dáadáa, nítorí àwọn arẹwà mìíràn a máa ní òkúta nínú. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó pa á dé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò padà sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà mọ́, kò sì kọ ìlà kan sínú ìwé náà mọ́ títí ó fi kú. Èmi kò béèrè ìdí.

Ìwé tí ọmọ mi ń bọ̀ wá gbà nìyẹn: ìlà mẹ́tàlélógún tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí bírò pupa tèmi sì gùn lórí. N kò fẹ́ kó rí i. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń bẹ̀rù. Mo wá pinnu pé n ó parí ìwé náà fúnra mi, n ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í kọ ohun tí kò mọ̀, n kò sì se ẹ̀wà rí láyé mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ra ẹ̀wà funfun, sèsé, òtílí, àti oríṣi kan tó pupa, tó pẹlẹbẹ, tí kò tó èékánná ọmọdé, tí ẹni tó ń tà á ń pè ní lẹ́ńtì. Ẹ̀wà funfun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìyàwó mi mú mi dé ibi tí omi ti ń hó, ó sì dúró síbẹ̀. Mo bu iyọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Wákàtí mẹ́ta kọjá, ẹ̀wà kò rọ̀.

Aránṣọ tó ń gbé ilé kejì ti ń gbọ́ tí mo ń ṣí ìkòkò tí mo ń pa á dé láti àárọ̀. Ó yọjú, ó bi mí léèrè ohun tí mo ń sè, ó sì mú ẹyọ kan sẹ́nu. Ó tu ú padà sí àtẹ́lẹwọ́.

“Bàbá Alámì, ṣé oúnjẹ lẹ ń sè ni, àbí ẹ fẹ́ ká eyín àwọn aládùúgbò?”

Ó jókòó, ó sì là mí lóye. Iyọ̀ kì í wọ ìkòkò ẹ̀wà àfi ìgbà tí ẹ̀wà bá ti rọ̀. Bí iyọ̀ bá ṣáájú, awọ rẹ̀ á le. Sèsé, kí n bọ̀ ọ́, kí n da omi àkọ́kọ́ nù, kí ó má baà da inú rú. Òtílí gbọ́dọ̀ ti wà nínú omi láti àná. Lẹ́ńtì kò fẹ́ rírẹ rárá, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀, torí kí n tó yíjú padà, ó ti yọ́. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó jinná, kí n fi ìka méjì tẹ ẹyọ kan. Bó bá fọ́ láìjà, kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mo fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan se ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo bá sè láàárọ̀, n ó kọ ọ́ lọ́sàn-án. Mo kọ́kọ́ da ìlà mẹ́tàlélógún ti ìyàwó mi kọ sí ewé mìíràn nínú ìwé náà, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà gadagba bíi tirẹ̀, mo sì ń ṣi àmì fi bó ti ṣì í fi: ẹwà, ẹwà, ẹwà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ ṣe nínú èyí tí mo fi kún un. Ìyẹn nira fún mi ju ìdáná lọ. Nígbà tí mo dà á kọ tán, mo fa ojú ìwé àtijọ́ ya, mo fi etí rẹ̀ kan iná sítóòfù, mo sì dì í mú títí iná fi dé ìka mi.

Ọmọ mi dé ní agogo mẹ́wàá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti se ẹ̀wà dè é. Ó jẹ ẹ́, ó yà á lẹ́nu pé ó rọ̀, ó ní bí Màámi bá wà láyé, wọn ì bá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́la. Mo gbé ìwé fún un. Ó fọ ọwọ́ kí ó tó gbà á. Ó ń kà á jẹ́ẹ́, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹta, níbi òtílí, ó dúró. Ó yí ìwé náà sí mi, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

Mo wò ó. Ẹ̀wà ni mo kọ síbẹ̀, pẹ̀lú àmì rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tọ́ ọ̀rọ̀ ti tọ́ ọ láìbi mí.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí.”

Mo ní mo kàn bá ìyá rẹ̀ tún díẹ̀ ṣe ni.

“Ẹ tún un ṣe bíi ti ọjọ́sí? Mo wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Mo ń lọ aṣọ. Gbogbo ohun tí ẹ kà sókè ni mo gbọ́.”

N kò rí irọ́ mìíràn pa. Ó bi mí níbi tí èyí tí Màámi kọ wà. Mo sọ fún un pé mo ti sun ún. Mo tún sọ ìdí rẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò béèrè. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

“Mo mọ ẹ̀wà sè, Bàbá. Màámi fẹnu kọ́ mi tán kí n tó lọ. Ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ rí. Ká ní bírò yín wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ǹ bá ṣe gbà á.”

Ó dìde, ó kó àwo, ó fọ̀ wọ́n, ó sì dà wọ́n dé bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun yóò sùn dọ́la. Ó ní òun rántí pé àwọn ọmọ kò lẹ́nì kan nílé.

Mo gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Mo ti fi ìwé náà sábẹ́ apá, mo sì nà án sí i nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ kún. Ó wo ìwé náà, ó rọra tì í padà sí mi láyà.

“Ẹ tọ́jú rẹ̀. Tiyín ni.”

Ó wá kí mi pé ó dàbọ̀, bó ti yẹ kí ọmọ kí bàbá rẹ̀, kò fi kan dín níbẹ̀. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.