Ọwọ́ Ọ̀tún Àdìgún

"Ẹ má bá wọn gbé e, màmá," ni Títílọpẹ́ wí, ó sì rọra di Àsíátù lọ́wọ́ mú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e fúnra wọn."

Ife omi wà lórí tábìlì. Àdìgún, ọkọ Àsíátù, jókòó tì í, òógùn bò ó. Títílọpẹ́ ti fi aṣọ wé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì lágbára, kó má bàa rí i lò. Ọwọ́ ọ̀tún tó rọ nìkan ló kù.

"Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n! Ọwọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní náà lẹ tún dè yìí? Mi ò ṣe mọ́, dọ́kítà. A ń lọ ulé," ni Àsíátù wí.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ kọlu Àdìgún níbi tó ti ń kọ ebè lóko rẹ̀ ní Ìsàn. Láti ìgbà náà, Àsíátù ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń wọṣọ fún un.

Títílọpẹ́ ò bínú. Ọdún karùn-ún rẹ̀ rèé nílé ìwòsàn kan ní Ìdó, lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù bí wọ́n ṣe ń tún ara wọn lò. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ọwọ́ yẹn ò kú. Ọpọlọ wọn ló gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí ẹ bá ń ṣe gbogbo nǹkan fún wọn, kò ní rántí láé."

Àsíátù fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n Àdìgún mirí. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Fi... mí... sílẹ̀."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife. Ife ṣubú, omi dà sí i nítan. Títílọpẹ́ bu òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ife dé àyà kó tó bọ́. Àsíátù fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan ara rẹ̀, kó má bàa bá a gbé ife náà.

Wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí Ìdó ní gbogbo ọjọ́ Àtàláátà àti Àlàmísì. Nílé, Àdìgún á máa ṣa ẹ̀wà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú abọ́ kan sí òmíràn. Ìgbà mìíràn inú á bí i, á da abọ́ nù. Àsíátù á kó o jọ, á tún gbé e síwájú rẹ̀.

Ní oṣù kẹta tí wọ́n ti ń lọ sí Ìdó, Àsíátù ń ro ẹ̀kọ láàárọ̀ nígbà tó gbọ́ ìró omi lẹ́yìnkùlé. Àdìgún ló jókòó sórí àpótí, tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé kẹ́tù, tó ń ṣe àlùwàlá fúnra rẹ̀. Apá kan omi náà ń dà sílẹ̀. Àsíátù ò sún mọ́ ọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó ń ṣe alihamudulilahi.

Iṣu mẹ́fà ló gbé lọ fún Títílọpẹ́ ní Àlàmísì ọ̀sẹ̀ náà. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ forí jì mí. Mo gbé ohùn sókè sí yín lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ náà, màmá." Títílọpẹ́ gba iṣu náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Obìnrin kan wà ní Ìrè, Adéwùnmí. Àìsàn kan náà ló ń ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá. Nígbà tí mo wé ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì mú un lọ."

Àsíátù tún ìró rẹ̀ ró. "Apá ibo ni ní Ìrè?" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Fàtíà, n ó kọ́kọ́ sìn yín délé, kí n tó lọ."

Àdìgún ti ń dìde. "Àwa méjèèjì... la jọ ń lọ," ó ní. "Kí ọkọ rẹ̀... rí ọwọ́ mi."