Orin Inú Kọ̀ǹpútà Siosiua

Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n sin Siosiua, Fusi ìyá rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ bá Lesieli, àbúrò Siosiua obìnrin, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Nukuʻalofa, olú ìlú Tonga. Ẹní ọ̀fọ̀ tí a máa ń ró nílẹ̀ wa tí èèyàn ẹni bá kú ṣì wà ní ìbàdí àwọn méjèèjì.

“Orin tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń kọ sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Àwọn akọrin fẹ́ kọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Bá mi ṣí i.”

“Màmá, ohun ìní ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìyẹn! Èèwọ̀ ni kí n fọwọ́ kàn án.”

“O sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn, mo gbà. Lónìí, mi ò gbà. Òkú wo ló ń bínú torí kọ̀ǹpútà?”

Lóòótọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ̀ tí kò ṣí, Siosiua ti rán ìyá wọn sí Lesieli. Ó ní òun ò gbọdọ̀, torí nílẹ̀ wa, obìnrin kì í fọwọ́ kan nǹkan arákùnrin rẹ̀. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé òun mọ ìwà hù. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́, àbí?

Lónìí, Lesieli gbà, ó tan kọ̀ǹpútà náà. Òbìrìkìtì kékeré ń yí lójú rẹ̀, kò dé ibì kankan. Ó fi tipá pa á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ to ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀. Ọ̀kan máa pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Lesieli fò ó, ó yan ipò ààbò, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń jí pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí kò lè ṣe aláìní. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ṣófo, ṣùgbọ́n ó ṣí.

Ipò ààbò kì í mú ohùn jáde, ṣùgbọ́n nọ́ńbà la fi ń kọ ohùn orin sílẹ̀ nílẹ̀ wa. Lesieli ṣí orin náà, ó ń kà á, ó ń kùn ún lábẹ́lẹ̀. Ẹsẹ kìíní dùn. Ìkejì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ kẹta ní ọ̀rọ̀, kò ní nọ́ńbà kankan.

“Kò parí ẹ̀, Màmá.”

“Ó ní òun á parí ẹ̀ tí ẹ̀rọ bá ti dáa. Ohun tó ń sọ nìyẹn títí àìsàn fi mú un lọ.” Fusi wo ojú kọ̀ǹpútà. “Iṣẹ́ tó o ṣe yìí, ṣé ó le ni?”

Ó wu Lesieli kó parọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí ni irọ́ fẹ́ ṣe?

“Kò le. Nígbà yẹn, mi ò tiẹ̀ nílò láti fọwọ́ kàn án. Ǹ bá kàn fẹnu sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún yín, kí ẹ lọ sọ fún un.”

Fusi ò bú u.

“Èmi náà ò bi ẹ́ bóyá ọ̀nà míì wà,” ló wí, ó sì bú sẹ́kún.